Ẹkún Mi Ti Di Ẹ̀rín

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò, ẹ kú àfaradà gbogbo ẹjọ́ tí a ń kó wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Aránṣọ ni mí. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣeré orí ìtàgé ni mò ń gbà lọ. Òkìkí kọ́ ni mo wá lọ síbẹ̀ o. Onítìjú èèyàn ni mí, àmọ́ tí mo bá ti di ẹlòmíì lórí ìtàgé, ara mi á balẹ̀.

Nínú eré wa, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ni mò ń ṣe. Tí mo bá bú sẹ́kún, gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Àfi bí ẹnì kan ṣe fi fóònù ká ẹkún yẹn sílẹ̀, tó fi orin ijó sí i, tó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Látìgbà náà, kí n tó lanu báyìí, èrò ìwòran á ti bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa ní kí n máa sun ẹkún náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀ lèrò ṣe ń wá. Ọkọ mi ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kí lo tún ń wá?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sin ìyá mi. Bí mo ṣe figbe ta létí sàréè, mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Àbúrò mi ni. Ó ní òun ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu òun.

Mi ò fẹ́ fi eré sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe, ẹ̀yin olùgbọ́? Ẹ ṣáà má gbàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ ẹkún mi di ẹ̀rín. Ó ti di ẹ̀rín tipẹ́.