Sẹ́ẹ̀lì Tó Ń Ṣe Bàìbàì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìkòsì

Mi ò ní yọ sẹ́ẹ̀lì kankan kúrò. Kí ọ̀gá máa bínú lọ.

Láàárọ̀, a fi aró pupa sára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ egungun. Mitokọ́ńdíríà inú wọn ló ń fún wọn lágbára; bó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni aró yẹn ṣe máa ń tàn tó lábẹ́ maikirosikóòpù. Àwọn kan tàn yòò, àwọn kan ń ṣe bàìbàì. Ọ̀gá wò ó, wọ́n ní, "Bísí, yọ àwọn tó ń ṣe bàìbàì yẹn kúrò nínú èsì wa. Wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, àwa gan-an la bà á jẹ́."

Ṣebí mo mọ̀ wá. Bí ẹnì kan bá rí sẹ́ẹ̀lì tó rẹwà ní láàbù wa, á ní, "Ẹ wá wò ó!" Gbogbo wa á tò síbẹ̀, iná ẹ̀rọ á máa tàn sí i, iná yẹn á sì ti mú kí aró ṣá ká tó rántí ya fọ́tò. Àwọn tó rẹwà jù ló ń ṣe bàìbàì yẹn!

Ọ̀gá ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́ ni.

Lọ́la, màá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni ò ní yọjú wò ó kí n tó ya fọ́tò, ọ̀gá pàápàá.

Mummy pè láti Alápẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láìpẹ́ yìí, ìkòkò omi lásán ni wọ́n gbé tí ọrùn ọwọ́ wọn fi kán. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń jẹ egungun mi?"

Mo ní, "A ti rí i, Mummy. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò. Mo kọ̀."