Ìlà Funfun Iwájú Ilé Wa

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, kí àwọn ará àdúgbò má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó! Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ ojú títì iwájú ilé wa, èmi àti àbúrò mi obìnrin, aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì, kàn ń juwọ́ síra wa ni. Ẹsẹ̀ ń dun òun, àyà sì ń já èmi. Àfi bí wọ́n ṣe wá kun ìlà funfun fún àwa ẹlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n sì mọ pèpéle sáàárín tí èèyàn lè dúró sí!

Àbúrò mi pariwo láti ọ̀hún: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀! Ẹ yé juwọ́ bí olóṣèlú!"

Ìyàwó mi ní, "Baálé mi, títì ni, kì í ṣe òkun."

Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kan bá ń sáré ńkọ́? Bí bíréèkì bá já ńkọ́?

Ọjọ́ tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí ni n ó sọdá, kété tí ètò yín bá parí. Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń gbọ́ wa, ṣé ẹ máa dúró? Fìlà pupa ni n ó dé, n ó sì na ọ̀pá mi sókè. Àbúrò mi ti gbé àga síta dè mí.