Ọjọ́ Tí Wọ́n Fún Mi Lọ́dọ̀ Ọmọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹfà

Òjò winniwinni láti àárọ̀. Ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ wa kò sinmi. Ooru àti òórùn ọṣẹ ń gba ojú fèrèsé wọlé, yàrá funfun bí inú ìkùukùu. Télọ̀ ni mí, ogójì ọdún ni mo fi jókòó ti ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò mọ̀ pé ọ̀sán máa ń gùn tó báyìí.

Ọ̀gá ń sùn, ọwọ́ lórí ikùn. Ọ̀gá ni mo ń pe ọmọ mi láti kékeré, torí èmi àti ìyá rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún. Dókítà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni yóò bímọ. Ọkọ rẹ̀ — Ará Omi — wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, kò ní dé títí di oṣù kẹwàá. Ìyá rẹ̀, Èkejì Mi, ti sun oorun àìjí láti ọdún mẹ́ta. Èmi ni bàbá, èmi náà ni ìyá.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún mi nínú ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ilẹ̀ Òyìnbó yìí. Ó di àárín oṣù kẹjọ. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Mo fọwọ́ rán ẹ̀wù kékeré kan. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Ọ̀gá fẹ́ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà. Ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó ń wo òǹtẹ̀ inú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ò ka ìgbà tí ẹ wá lóṣù kejì mọ́ ọn."

Mo ní ti oṣù kejì ti parí, ṣebí mo lọ kí n tó tún bọ̀.

Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ àádọ́rùn-ún tuntun nígbà téèyàn bá wọlé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wẹ̀yìn wo ọgọ́sàn-án ọjọ́, èèyàn ò sì gbọdọ̀ lò ju àádọ́rùn-ún lọ nínú rẹ̀. Ọjọ́ téèyàn dé, wọ́n kà á. Ọjọ́ tó lọ, wọ́n kà á. Ọgbọ̀n ni mo lò nígbà yẹn, nígbà tí oyún yìí fẹ́ bàjẹ́, tí dókítà ní kó má dìde lórí ibùsùn. Ọgọ́ta péré ló kù fún ti ìsinsìnyí, ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ni mo sì ti dé.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ni kí n jáde. Ọmọ ò ní tíì dé.

Mo tún un kà títí. Kò yí padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Keje

Ọ̀gá bu oúnjẹ fún mi, ó gbé tirẹ̀ lọ sí yàrá.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Keje

Mo lá àlá. Èkejì Mi ṣílẹ̀kùn wọlé, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn Ọ̀gá, ó ń ká aṣọ ọmọ. Mo bi í pé títí ọjọ́ wo ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo jí — ilẹ̀ ti mọ́, tàbí kò tíì ṣú. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn yìí, tí oòrùn kì í tètè wọ̀, n kì í mọ ìyàtọ̀.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje

Mo lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè. Gbọ̀ngàn ńlá, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin ojú fèrèsé fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní àwọn kì í fi ọjọ́ kún ọjọ́ torí ọmọ ẹni fẹ́ bímọ, àfi bí èmi fúnra mi bá ń ṣàìsàn. Mo ní ara mi le. Ó ní ó mà ṣe o.

Ó ní ìwé àṣẹ mi ṣì gbà kí n wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn yóò máa jáde nínú ọgọ́sàn-án, wọn yóò sì máa padà sọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń rò ó bọ̀ wálé. Ọjọ́ tí Ọ̀gá kọ́kọ́ jókòó lórí ibùsùn. Ọjọ́ tó ní ebi ń pa òun. Wọ́n fẹ́ dá wọn padà fún mi. Mo rìn kọjá ilé wa láìmọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Ọ̀gá ní kí n dúró, ta ni yóò mọ̀? Mo ní ẹ̀rọ wọn mọ̀. Wọ́n lè tìlẹ̀kùn ìlú wọn mọ́ mi fún ọdún bíi mélòó kan, ọmọ á ti rìn, á ti máa sọ̀rọ̀, kó tó mojú mi.

Ó ní, "Ká ní ìyá mi ni, kò ní lọ."

Ó wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Alágbàfọ̀ tó ni ilé ìfọṣọ gòkè wá. Ó ti gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ọmọ yín sáà fẹsẹ̀ janlẹ̀ gìrì, mo ti dé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Mo di ẹrù. Ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Keje

Ọ̀gá ò sìn mí. Ó dúró lójú fèrèsé lókè, ooru aṣọ ń bò ó, ó ń ṣí i. Kò juwọ́. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wo ìwé mi ní, "Òní gan-an ló pé." Ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé mo gba ẹ̀bùn.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje

Nílé. Ìyá Alágbàfọ̀ pè láàárọ̀. Obìnrin ni. Tìyá tọmọ wà láyọ̀. Mo ní kó fún mi ní Ọ̀gá. Ọ̀gá kàn gbé fóònù sí ẹnu ọmọ. Mo gbọ́ ọ tó ń mí. Mo ń gbọ́ ọ títí iná fóònù mi fi tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Ọgbọ̀n ọjọ́, ó pé pérépéré.

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, ó ti rù, irun rẹ̀ rí játijàti. Kò kí mi. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó jókòó tì mí lórí àga. Ọmọ ní iwájú orí Èkejì Mi.

Ọ̀gá ní inú ṣì ń bí òun sí mi. Orí rẹ̀ wà léjìká mi bó ṣe ń sọ ọ́.