Wọ́n Dín Ìwé Rẹ Kù, Èyí Tí Wọ́n Gé Ńkọ́?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n mi tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn le, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ ní àlàáfíà kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Àbúrò rẹ ń kí ọ, eyín iwájú rẹ̀ tó ká ti ń hù padà. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àyà mi nìkan ni kò balẹ̀ láti ọjọ́ tó o ti pè pé ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ò gba fáìlì wa.

Bó o ṣe ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo gbé fóònù mi tí ìwé ìbí rẹ, ìwé ẹ̀rí ìdánwò rẹ àti fọ́tò rẹ wà nínú rẹ̀ lọ bá oníkọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ilé epo, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Olójú-mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀. Ó ní fáìlì wa ló tóbi ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ, pé òun máa dín in kù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò sì ní yí padà. Mo ní kò burú. Ṣé ohun tí mo fi ń jẹun náà nìyẹn, aṣọ tó bá tóbi, a ó dín in.

Ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó ní ó ti parí. Mo wá nawọ́ pé kó fún mi ní èyí tó gé kúrò. Ó ní èwo? Mo ní èyí tó gé kúrò lára ìwé ọmọ mi. O mọ̀ mí, láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, n kì í mú ègé aṣọ oníbàárà pamọ́, bó ti wù kó kéré tó, inú ọ̀rá ni mo ń kó o sí fún un. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Ta ní ń dín nǹkan kí èyí tó gé má bọ́ sílẹ̀? Mo ní bí kò bá sí nílẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan ló mú un. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ní kí n rọra, pé bóyá wọn ò tíì gbálẹ̀ inú kọ̀ǹpútà lónìí. Olójú-mẹ́rin ní òun ò rí irú èyí rí, ìyá nọ́ọ̀sì wá ń bá òun du pàǹtí.

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde kí n fojú ara mi rí i. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lóòótọ́. Ojú rẹ dà bíi pé èéfín bò ó. Nísàlẹ̀ ìwé ìbí, níbi tí bàbá yín buwọ́ lù, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sì sunkún lójú gbogbo wọn. Bàbá yín ò sí mọ́ tí wọ́n máa buwọ́ lu òmíràn. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé-ìwé sì ń ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, bí ìwé ò bá dé, ó di ọdún tó ń bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi á lè gbà ọ́ sílé dìgbà náà.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Olójú-mẹ́rin bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí n má bínú, pé ìkánjú lòun fi dín in jù, àti pé odindi fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó gé etí funfun ìwé dànù, ó yọ àwọ̀ kúrò lára àwọn ìwé, ó fi ti fọ́tò sílẹ̀, ó wá ń dín in díẹ̀díẹ̀, á dín in, á wò ó, bí ẹni tó ń dín aṣọ ìyàwó láàárọ̀ ìgbéyàwó. Mo fi téèpù mi wọn orúkọ rẹ, mo wọn iwájú orí rẹ nínú fọ́tò, kò fi nǹkan kan dín. Ọwọ́ bàbá yín hàn ketekete, títí dé ibi tí gègé ti yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ní kó fi ránṣẹ́. Ó ní ó ti wọlé.

Bí wọ́n bá gbà ọ́ tán, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa tú ìwé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bẹ́líìtì máṣíìnì mi ti já, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́, bí kò bá sí, ẹ jẹun ná.

Ibi tó bá há, wàá gbà á kọjá lódindi. Ohun tó jẹ́ tìrẹ ò ní ṣègbé sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́, lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún lónìí, kó o tó wo orúkọ ara rẹ, wo ìsàlẹ̀ ìwé ìbí, kó o pè mí, kó o sọ bóyá bàbá yín ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.