Orúkọ Tí Ẹ Kì Í Pè

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ̀wé sí yín, èmi tí ẹ máa ń bá wí pé fóònù lásán mi ò lè pè. Ìwé kan ni mo kà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, mo sì ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn.

Ṣé ẹ rántí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìkòsì, níbi tí ẹ ti máa ń rán mi lọ ra òwú àti bọ́tìnì? Obìnrin kan ti sọ òkè ibẹ̀ di ilé ìtàwé. Àǹtí Bùkọ́lá ni wọ́n ń pè é. Kì í ta ìwé ìdánwò, kì í ta ìwé àdúrà, ìtàn àròsọ nìkan ló ń tà. Ní Ìkòsì wa níbí! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọlé, ó ní kí n jókòó, ó gbé omi tútù fún mi, kò sì béèrè ohun tí mo fẹ́ rà. Ara fu mí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ń ṣe èèyàn lóore l'Ékòó láìmọ̀ ọ́n rí, ó ní ohun tó ń wá. Mo rò pé ìjọ tuntun ni, tàbí àwọn tó máa ń ní kí èèyàn mú ẹni mẹ́ta wá kó lè di olówó. Mo gbé báàgì mi sórí itan, mo dì í mú.

Àṣé ọ̀rọ̀ ìwé ni àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń bára wọn sọ lóòótọ́. Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwọn tó ti ka ìwé kan náà á jókòó yíká, Àǹtí Bùkọ́lá á sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣáájú ohun gbogbo: nínú àwọn èèyàn inú ìwé yìí, ta ni ẹ ò lè fi ọmọ yín sílẹ̀ fún? Ariwo dé nìyẹn. Mo rí ọkùnrin kan tó bínú jáde nítorí wọ́n ní bàbá inú ìwé kan kò ṣeé fọkàn tán. Mọ́mì, mo gbádùn rẹ̀ kọjá sísọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń fura sí èèyàn tọkàntọkàn, ibẹ̀ ni ilé mi.

Ìwé ti oṣù tó kọjá dá lórí télọ̀ kan ní Ìbàdàn, obìnrin bíi tiyín, tó ní ọmọ mẹ́ta. Ó máa ń há píìnì sẹ́nu bó bá ń sọ̀rọ̀. Èyí àgbà ni ààyò rẹ̀, ẹran àwo tirẹ̀ ló máa ń bù kún tọmọ náà. Ìbàdíàrán ló ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí, mo ní mo lè fi ọmọ mi sílẹ̀ fún obìnrin yìí kí n má sì bojú wẹ̀yìn.

Obìnrin àgbà kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Mọ́mì Ogùdù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ọmọ Lagos yìí! Ẹ ò notice pé kò pe orúkọ ọmọ yẹn rí? Àwọn méjì tó kù, Kúnlé ló ń pe Kúnlé, Bísí ló ń pe Bísí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, àdàpè ló máa fún un. Ó bá ọmọ yẹn nílé ni jàre. Kì í ṣe òun ló bí i.”

Gbogbo ilé hó. Wọ́n ń yin ẹni tó kọ ìwé náà pé ó gbọ́n, pé gbangba ló fi ọ̀rọ̀ náà sí tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Èmi gbé báàgì mi, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

Nítorí Eyínfúnjowó lẹ̀ ń pè mí. Bí ẹ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ohun tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ni Dàpọ̀, Yẹ́misí, Eyínfúnjowó mi dà? Mo máa ń fi ṣe fọ́ńté fún àwọn àbúrò mi. Mo rò pé torí eyín mi tó funfun ni, torí pé ẹ fẹ́ràn mi jù wọ́n lọ ni. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé Akọ̀wé lẹ̀ ń pe àbúrò Dádì ọkùnrin, tí ẹ sì ń pe èyí obìnrin ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Mo tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: wọ́n ti wà nílé kí ẹ tó wọlé ìyàwó. Báwo ni mi ò ṣe bi ara mi rí pé èmi ńkọ́?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di ọlọ́pàá. Mo tú àpótí fọ́tò. Ẹ lóyún Dàpọ̀ níbẹ̀, ẹ wọ gáàùn aláwọ̀ sánmà. Ẹ lóyún Yẹ́misí níbẹ̀. Tèmi dà? Nínú fọ́tò ìgbéyàwó yín, ọmọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì tó di ṣòkòtò wọn mú. Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé ọmọ aládùúgbò ni. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, Mọ́mì. Eyín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí.

Mo lọ bá àbúrò yín, Àǹtí Alápẹ̀rẹ̀. Dádì ti kú, ta ni mo tún fẹ́ bi? Mo fi ọgbọ́n wọlé, mo kàn sọ ìtàn inú ìwé náà fún wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

“Ìwé lásán nìyẹn o,” ni wọ́n sọ. “Ṣé o ti jẹun?”

Bẹ́ẹ̀ èmi ò tíì sọ pé ó ju ìwé lọ.

Ta ló bí mi? Ṣé ó kú ni, àbí ó lọ? Ṣé ojú ni ẹ ò fẹ́ kó tì mí, àbí ẹ̀rù ń bà yín pé n ó wá a lọ? Inú ń bí mi sí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó sì tún ń dùn mí pé ẹ ò sí níbí kí n lè wò yín lójú kí n bínú.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń gún mi ju gbogbo èyí lọ. Ọ̀sán tí a lò kẹ́yìn pọ̀ ní ọsibítù kí ẹ tó jáde láyé, mo ń fi òróró ra ẹsẹ̀ yín. Ẹ lajú, ẹ wò mí dáadáa, ẹ sì pè mí ní orúkọ mi, orúkọ gan-an tí wọ́n sọ mí. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Mo rò pé àìsàn ti da iyè yín rú, pé ẹ ò dá mi mọ̀ mọ́. Mo tẹ̀ sétí yín, mo ní, “Mọ́mì, èmi ni o, Eyínfúnjowó yín.” Ẹ mi orí, ẹ tún pè é. Èmi náà tún un ṣe fún yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ bá dákẹ́.

Ó di ìgbà tí mo ka ìtàn àjèjì kan ní òkè ilé ìtàwé kí n tó mọ̀ pé iyè yín pé pérépéré. Ẹ̀ ń pè mí bí abiyamọ ṣe ń pe ọmọ tó bí, èmi ni mo ń dá yín dúró.

N ó padà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Alápẹ̀rẹ̀, mi ò ní gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀. Ohun yòówù kí wọ́n sọ, bí Àǹtí Bùkọ́lá bá tún bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ṣì máa fi ọmọ mi sílẹ̀ fún.

Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i, Mọ́mì. Mi ò ní tún un ṣe mọ́.

Ọmọ yín ni mí,
Mojísọ́lá.