Oògùn Ikọ́ Tí Mo Fún Ọmọ Rẹ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Fákúnlé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ìyá Ọlámilékan ńkọ́? Orúnkún rẹ, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Àwa náà wà níbí, a ò ráhùn. Mo kọ̀wé nítorí pé o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mo gbọ́ pé láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni o kò ti gbé ìpè ọmọ rẹ. O ní ó dójú tì ọ́, pé o ti kéde fún gbogbo ẹgbẹ́ yín n'Íléṣà pé òun ni yóò wa bàálù tí yóò gbé yín láti Èkó lọ sí Àbújá, ẹlòmíì lẹ wá bá nídìí rẹ̀. Mo mọ bí o ṣe máa ń kéde. Àmọ́ èmi ni kí o bínú sí.

Ọ̀dọ̀ wa ló sùn mọ́jú ọjọ́ Sọ́ńdè, ó sì ń wúkọ́. Mo lọ bá Kàmál tó ń ta oògùn ládùúgbò wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà kó má baà bínú. Ó fún mi ní oògùn olómi kan. Mo da ṣíbí méjì sínú tíì ọmọ náà, n kò sọ fún un. O mọ bí a ṣe tọ́ wọn: ó dọ̀bálẹ̀ gba ife, ó mu ún, kò bi mí ní nǹkan kan.

Ó sùn títí di ọ̀sán. Nígbà tó jí, ó ní, "Bàbá Tíṣà, kí lẹ fi sí tíì yẹn?" Mo gbé ìgò náà fún un, mo rò pé yóò dúpẹ́. Ó kà á, ó pe dókítà ilé-iṣẹ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ní kò gbọdọ̀ wa bàálù fún ọjọ́ mẹ́ta, pé oògùn náà ń mú oorun wá, kì í sì í tètè kúrò lára.

Mo ní, "Ojú rẹ ti dá báyìí. Ta ni yóò mọ̀?"

"Èmi mọ̀, sà."

Mo rán an létí pé ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ ni yóò wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ní, "Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn, sà." Ó wá ní òun kò ní dárúkọ mi fún ọ, kí ọ̀rẹ́ àádọ́ta ọdún má baà bàjẹ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ìbéèrè dáadáa. Ó wà lára ìgò yẹn gàdàgbà pé kí ẹni tó bá mu ún má wa ọkọ̀. N kò kà á.

Jọ̀ọ́, pe ọmọ rẹ lónìí. Má dúró dìgbà tó bá tún pè. Ó lè má pè mọ́. Ìbínú tó bá ṣẹ́ kù, gbé e wá sí Òkè-Fìà, màá jókòó gbọ́ ọ tán.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ̀bi,
Bọ́lárìnwá.