Ibi tí Àníkẹ́ Ti Kúrò Lọ́wọ́ Mi

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti Níàméè níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Ṣúbérù, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo àgbà agboolé wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀, mo kí àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń se epo ní Kpulu. Ṣé ara yín le? Ṣé òjò ń rọ̀ dáadáa lóko wa ní Oko-Akarè, ṣé àgbàdo ti yọ ọmọ? Níbí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òjò ti rọ̀, ekuru ló sì rọ̀ lé wa lórí kí òjò náà tó dé.

Ará Kétu ni akọ̀wé tó ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bá mi fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí yóò kà á fún yín, ẹ jọ̀ọ́, kó má kà á nínú yàrá. Kó kà á síta, lábẹ́ igi mángòrò, kí gbogbo ilé gbọ́, nítorí níta gbangba náà ni ẹ ti ka gbogbo irọ́ tí mo ti kọ ránṣẹ́. Ìyá mi, ẹ jókòó. Ẹ di ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Ṣúbérù mú. Àníkẹ́ kò sí lọ́dọ̀ mi. Kò dé Níàméè rí.

Ẹ kọ̀wé pé ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, pé bí òjò bá ti dá, Ẹ̀gbọ́n Ṣúbérù yóò wá mú Àníkẹ́ padà wá bá yín, kó máa fà yín lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ epo. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ pé ọdún méjì tí òtítọ́ fi fẹ́ wọ ọkọ̀ wá bá mi nílé. Kí ni n bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu ọ̀nà? Pé ọmọ lọ sọ́jà?

Ẹ rántí pé ẹ bẹ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ni Àníkẹ́ ti ń sùn lẹ́yìn yín. Nígbà tí bàbá wọn ránṣẹ́ pé iṣẹ́ aránṣọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún òun níbí, pé kí n máa kó àwọn ọmọ bọ̀, ẹ ní kí n mú Mọ̀nsúrù, kí n pọn Láwàní, kí n sì fi Àníkẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀nà jìn, ọmọ ọdún mẹ́fà kò sì lè gba ìyà bẹ́ẹ̀. Mo gbó yín lẹ́nu. Mo ní mi ò ní gbé ààbọ̀ ọmọ lọ fún ọkọ mi. Ẹ lọ ń dín àkàrà.

Ẹ̀yin náà lẹ di oúnjẹ wa, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ̀kọ, àkàrà tí ẹ dín gbẹ títí tó fi ń ró lẹ́nu, gaàrí, ẹ̀pà yíyan, ọsàn, àti róbó tí ẹ fi iyọ̀ àti ata sí bí Àníkẹ́ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ akẹ́rù yẹn máa fi rìn. Orí àgbá epo àti agbọ̀n obì la jókòó sí, báàṣì, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù, ni òrùlé wa. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀kọ ti kan, mo kó o dànù. Mo bọ́ Mọ̀nsúrù yó kí a tó dé ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, ó sì bi gbogbo rẹ̀ sára agbádá bàbá olóbì kan. Ojú tì mí débi pé mo ń fi ìborí mi nu ún. Láti ìgbà yẹn mo ń fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ gaàrí tí mo fi omi tẹ̀, ẹ̀pà lé e lórí, ọsàn láti máa mu bí ooru bá mú.

Ìyá mi, ebi ọmọ ṣe é bójú tó, ìjókòó sójú kan ni kò ṣe é bójú tó. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n ń dárúkọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lọ́nà, ewúrẹ́, ìròkò, òyìnbó lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kejì kò sí ohun tuntun mọ́, igbó náà ni, wọ́n wá dojú ìjà kọ ara wọn. Láwàní ń ké, bàbá olóbì ń pòṣé. Ni mo bá dá eré kan sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n wọ abẹ́ báàṣì, kí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ tí kò sì mira títí màá fi pè é, òun ló ni róbó. Mọ̀nsúrù kò borí rí, ẹ̀rín máa ń pa á. Àníkẹ́ ló ń borí nígbà gbogbo. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ, sùúrù rẹ̀ bíi tiyín ni. Àwọn èrò ọkọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo mọ ọmọ tọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú o!

Ohun tó pa mí gan-an nìyí. Awakọ̀ wa, ọkùnrin Àjàṣẹ́ kan, ní ìwé kan lọ́wọ́ tí wọ́n kọ iye èrò rẹ̀ sí, nítorí àwọn gáàdì tó máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Kó tó gbéra níbikíbi, ó fẹ́ máa ka wá. Nígbà àkọ́kọ́ tó na ìka sí àwọn ọmọ mi, mo jágbe mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ gbè mí, ìyá arúgbó kan ní ẹni tó bá ń ka ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n dín kù ló ń fẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ká ìka rẹ̀ kò, ó ní kò sí ìjà, kí n máa fi ẹnu ara mi sọ fún òun. Láti ìgbà náà, á kàn bi mí bóyá àwọn tèmi pé, èmi á sì ní wọ́n pé.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí a ti kọjá Kándì, a dúró ní abúlé kékeré kan kí àwọn ọkùnrin lè kírun àílà. Kànga kan wà lẹ́yìn àwọn ilé, àwọn obìnrin Fúlàní sì ń ta wàrà létí ọ̀nà. Àníkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ róbó tó borí gbà ni. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Omi inú akèrègbè wa kò ju ti Láwàní lọ mọ́, mo ní kó ní sùúrù, bí ọkọ̀ bá gbéra atẹ́gùn á fẹ́ sí i. Mo ní kí òun àti Mọ̀nsúrù padà sábẹ́ báàṣì lọ ṣeré wọn, kí n lè fún ọmọ lọ́mú. Mo kọ̀yìn sí wọn. Nígbà tí awakọ̀ bi mí bóyá àwọn tèmi pé, mo na ẹsẹ̀ kan báàṣì, ohun kan rí rogodo níbẹ̀, mo ní wọ́n pé. Ọkọ̀ gbéra.

Ó pẹ́ kí n tó pè é. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó dákẹ́. Mo ti yọ róbó kan sọ́tọ̀, mo dì í mọ́ ọwọ́. Ìgbà tí oòrùn ti yẹ̀ tán ni mo ní ó ti tó, òun ló borí, mo sì ká báàṣì. Mọ̀nsúrù nìkan ló sùn síbẹ̀. Ẹrù aṣọ mi ni mo fi ẹsẹ̀ kàn.

Mo ké, mo ń lu pákó ọkọ̀ títí ó fi dúró. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó kó ọwọ́ lérí. Ó ní epo ọkọ̀ kò ní gbé òun padà débẹ̀ kó tún gbé òun dé ìlú tó kàn, ọkọ̀ kan sì lè máa bọ̀ lẹ́yìn tí yóò gbé e wá bá wa. Ó wá rọra sọ pé òun ti fẹ́ kà wọ́n tẹ́lẹ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá fi ìbínú sọ ọ́, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ jáde lẹ́nu mi nìyí, Ìyá mi: mi ò bọ́ sílẹ̀. Mo ní màá bọ́ sílẹ̀, àwọn èrò dì mí mú, wọ́n ní igbó ni, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ pa ọmọ ẹ̀yìn mi ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fi okùn dè mí. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi dì mí mú, mo sì jókòó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, lójoojúmọ́ ni mo ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ní ọkàn mi.

Ní ìlú tó kàn, gáàdì kọ orúkọ Àníkẹ́ sínú ìwé. Bàbá olóbì tí Mọ̀nsúrù bì sí lára ló ní òun á mú Mọ̀nsúrù sọ́dọ̀ dè mí, Ọlọ́run yóò san án fún un. Ìdájí ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo rí ọkọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀, mo pọn Láwàní padà sí abúlé náà. Èmi kò gbọ́ èdè wọn, wọn kò gbọ́ tèmi, ará Haúsá kan ló ń túmọ̀. Àwọn oníwàrà ní àwọn rí i. Wọ́n ní ó ti ẹ̀yìn kànga jáde pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, ó rí i pé ọkọ̀ ti ń lọ, ó sì sá tẹ̀ lé e. Wọ́n pè é, kò gbọ́ èdè wọn. Wọ́n ní kò sunkún, kò sì ju igbá náà sílẹ̀. Ó gba ibi tí ọ̀nà ti yà, wọn kò rí i mọ́. Ọkọ̀ akómàlúù kan sọ̀kalẹ̀ kọjá lẹ́yìn náà. Bóyá ó gbé e, bóyá kò gbé e, ẹnikẹ́ni kò lè sọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Bàbá wọn ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn náà, a kò rí ọmọ, a kò rí òkú. Òun ló ní kí a má tíì sọ fún yín, pé bí a bá rí i, ẹ ò ní mọ̀ pé ó sọnù rí. Mo gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé Àníkẹ́ ti ga, Àníkẹ́ ti pa eyín dà. Aṣọ tí ẹ rán sí i fún Iléyá wà nínú àpótí, mi ò tíì ṣí i.

Ẹ má rò pé ebi ń pa wá. Àkàrà ni mo ń dín lẹ́nu ọ̀nà ọjà, wọ́n ń rà á, bàbá wọn sì ń rán aṣọ fún àwọn akọ̀wé ìjọba. Owó díẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí, fún ojú yín. Ooru ibí á mú títí tí ètè á fi ya, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí obìnrin tó bá jókòó tì mí, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni ọmọ mélòó ni mo bí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nìyí. Ẹ má ṣe é bí òkú. Ẹ má jẹ́ kí àlùfáà ṣe àdúrà òkú fún un. Ẹ má sì dá Ẹ̀gbọ́n Ṣúbérù dúró, kó máa bọ̀ bí òjò bá dá, ṣùgbọ́n kó má wá sọ́dọ̀ mi tààrà. Kó sọ̀ ní Kándì, kó máa béèrè láti ibùdó ọkọ̀ dé ibùdó ọkọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń sọ èdè Ọ̀họ̀rí tiwa, tí àpá epo gbígbóná wà ní ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Bí ara yín bá gbà á, ẹ bá a lọ. Mo mọ̀ pé ojú yín kò ríran dáadáa. Ohùn yín ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ. Ẹni tó bá mú un á ti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, Àníkẹ́ náà lè ti gbàgbé ojú mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kì í ní oríkì bí ẹ ṣe máa ń kì í láràárọ̀, á dáhùn. Kò dáhùn oríkì lẹ́nu ẹlòmíràn rí, ẹ̀yin náà mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé mi ṣépè, ó tọ́ sí mi. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ fi rán Ẹ̀gbọ́n Ṣúbérù. Kí Ọlọ́run má gba ìwọ̀nba ìríran tó kù lójú yín. Kó dá ẹ̀mí yín sí, kó má jẹ́ kí a fi ẹkún kí ara wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe, ẹ kí àwọn ará Kpulu. Bàbá wọn dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mọ̀nsúrù dọ̀bálẹ̀ kí yín. Láwàní, tó ti ń rìn, kí yín. Ìkíni àwọn ọmọ mi parí síbẹ̀ lónìí.

Èmi ni,
Sìfáwù, ọmọ yín.